Aáyù, Ṣóyù, àti Ẹja Tí Màmá Mi Ní Kò Jinná

"Ṣé ara ẹ ò yá ni?"

Ìbéèrè tí màmá mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo gbé fóònù ti ìgò òróró kí wọ́n lè máa wo bí mo ṣe ń dáná. Aáyù ni mò ń bó lọ́wọ́. Nílé tiwa, oògùn ni aáyù. Inú ìgò àgbo ló ń gbé, òun àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, fún ẹ̀jẹ̀ ríru àgbà àti ikọ́ ọmọdé. Ata, àlùbọ́sà, tòmátò, irú: àwọn wọ̀nyí la mọ̀ mọ́ ìkòkò. Ẹni tí ẹ bá bá nídìí aáyù, ẹ kí i pé ó kú ìpọ́njú.

"Rárá o, Màmá. Ẹja ni mo fẹ́ fi dín."

Wọ́n dákẹ́. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ mi ní Waipahu, ní erékùṣù Oʻahu ní Hawaii. Lọ́dọ̀ tiwọn ní Ẹ̀pẹ́, agogo márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì ti lù, wọ́n ti ń múra ọjà. Obìnrin tó ti fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún dín ẹja tà ló ń wò mí yẹn.

"Àjàní, kí ni aáyù ń wá nídìí ẹja?"

N kò tíì mú ìgò ṣóyù jáde nígbà yẹn o.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń dín ẹja nílé wa, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Màmá ti máa ń wà ní ọjà Olúwo, níbi tí àwọn apẹja ti ń gbé ẹja ọ̀sà bọ̀: epìyà, ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, àti èyí tí ojú bá rí lọ́jọ́ náà. Òmíràn á ṣì máa mí nínú agbọ̀n. Wọ́n á ha ìpẹ́ rẹ̀, wọ́n á yọ ìfun, wọ́n á fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, ó di inú agbada. Òróró inú agbada yẹn jìn débi pé ẹja á rì sínú ẹ̀. Ibẹ̀ ló máa wà títí omi ara rẹ̀ á fi tán, tí ariwo òróró á fi rọlẹ̀. Ariwo yẹn ni Màmá ń gbọ́, wọn kì í wo aago. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, wọ́n á fi kan etí agbada. Bó bá dún kó, ó jinná. Bí kò bá dún, ó padà sínú òróró.

Èmi ni mo máa ń rù ú lọ sí gáréèjì. Ẹja yẹn ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń lọ sí Ìbàdàn, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi bébà símẹ́ǹtì tẹ́. Èyí tí kò bá tà, wọ́n á dín in padà lálẹ́, ó sì tún di ọjà ọ̀la. Èyí tí kò bá tà lọ́la, àwa la ni ín. Egungun rẹ̀ ṣeé rún. Bí mo ṣe mọ ẹja díndín nìyẹn: ohun tó le, tó ń dún lẹ́nu bí gúgúrú, tó jẹ́ pé ọbẹ̀ ata nìkan ló lè tù ú lójú.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìyàwó mi ló gbé wa dé Hawaii. Àwọn Yorùbá tí mo mọ̀ níbẹ̀ lè jókòó yí tábìlì kan ká, àyè á sì ṣẹ́kù. Síbẹ̀ ìwà àwọn ará ìlú kò ṣàjèjì sí mi. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Obìnrin tó bá tó ìyá ẹni bí, Àǹtí ni, ìbáà má sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó pa yín pọ̀. Bí aládùúgbò bá sì fi abọ́ gbé oúnjẹ wá, abọ́ náà kò gbọdọ̀ padà lófìfo. Ta ló máa wá kọ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní ìyẹn?

Àǹtí tó ń gbé òdìkejì ògiri wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Okinawa ni bàbá bàbá wọn ti wá gé ìrèké. Ìjọba Jàpáànù ti ń fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí oko ìrèké Hawaii láti ọdún 1885. Ní 1900 ni àwọn ará Okinawa àkọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ṣúgà Waipahu ni bàbá Àǹtí ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1995, àmọ́ òpó èéfín rẹ̀ ṣì dúró láàárín ìlú, òun ni mo fi ń júwe ilé wa fún àlejò. Àwọn agérèké yẹn, láti Ṣáínà, Jàpáànù, Kòríà, ilẹ̀ Potogí àti Filipíìnì, ló kó púpọ̀ nínú ohun tí Hawaii ń jẹ lónìí wá. Ṣóyù bá wọn wá. Ẹ mọ̀ ọ́n: omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń gbé ka tábìlì ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà l'Ékòó. Orúkọ tí àwọn ará Jàpáànù ń pè é ni gbogbo Hawaii ń pè é, ọmọdé àti àgbà. Etí mi gbádùn ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Aáyù, ṣóyù. Àfi bí ìbejì.

Ọmọ ọmọ Àǹtí máa ń gbé ọ̀kọ̀ bọ́ sínú òkun. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Àǹtí fi abọ́ gbé ẹja mẹ́fà wá fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ọwọ́ mi láti ọrùn-ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Ara wọn pọ́n bí ìyeyè, ilà aró mẹ́rin sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láti orí lọ sí ìrù. Taʻape ni wọ́n ń pè é. "Fi aáyù àti ṣóyù dín in," ni Àǹtí wí, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo dín in bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Iyọ̀, ata gígún, Maggi horo kan, òróró rẹpẹtẹ, ogún ìṣẹ́jú ó lé. Ó dún kó. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ọ̀rọ̀ Àǹtí. Mo da aáyù sínú òróró tó ti ń rú èéfín, ó di èédú lójú mi. Mo da ṣóyù lé e, ó bú, ẹ̀rọ tó ń ké lájà bí iná bá fẹ́ jó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun. Ìyàwó mi, tó ti iṣẹ́ òru dé, jáde láti yàrá, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀, ó padà wọlé. Ẹja náà korò. Iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tó fọ ìgbín ogún, torí n kò mọ̀ pé iyọ̀ ni ṣóyù fúnra rẹ̀, mo fi iyọ̀ lé Maggi, mo fi iyọ̀ mìíràn lé iyọ̀. Ṣùgbọ́n abọ́ kò gbọdọ̀ padà lófìfo. Mo ṣa méjì tó sàn díẹ̀ níbẹ̀, mo gbé e lọ.

Àǹtí jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Kí ni ẹja yìí fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí sílé ìdáná wọn. Taʻape náà ni. Páànù irin dúdú tí kò jìn. Òróró tí wọ́n dà sí i kò ju ṣíbí mẹ́ta lọ; mo rò pé ahun ni wọ́n.

Omi ni Àǹtí kọ́kọ́ bá jà. Wọ́n fi bébà nu ara ẹja, wọ́n nu inú rẹ̀, wọ́n nu inú etí rẹ̀. Wọ́n wọ́n iyọ̀ táṣẹ́rẹ́ sí i, wọ́n fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iyọ̀ fa omi mìíràn jáde, wọ́n tún nu ìyẹn. Ìgbà tí mo lọ kà nípa rẹ̀ ló tó yé mi. Omi kì í gbóná ju nǹkan bí ìwọ̀n 100 Celsius lọ nínú páànù, gbígbẹ ló máa gbẹ. Bẹ́ẹ̀ awọ ẹja kì í pọ́n dáadáa àfi bí ooru bá tó nǹkan bí 140. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára awọ, bíbọ̀ lẹ̀ ń bọ ẹja yín, ẹ ò tíì dín in. Òróró púpọ̀ àti àsìkò púpọ̀ ni Màmá fi ń lé omi náà. Bébà ni Àǹtí fi ń lé e, kí ẹja tó fojú kan iná.

Wọ́n fi ọbẹ fa ilà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹja ti kọ pélé, wọ́n ní kí ni pélé, ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí n tó rọ́gbọ́n yọ nínú ìyẹn. Ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára rẹ̀, wọ́n gbọn èyí tó kù dànù. Páànù gbóná kí òróró tó wọ ibẹ̀, òróró gbóná kí ẹja tó wọ ibẹ̀. Ó ké ṣàà. Kíá ni mo ti na ṣíbí pẹlẹbẹ sí i kó má bàa lẹ̀ mọ́ páànù. Àǹtí gbá mi lọ́wọ́.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ọwọ́ ń yún mi. Ẹja tútù máa ń di irin mú nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Ẹni tó bá fà á nígbà yẹn, awọ á dúró sí páànù, ẹran á tẹ̀ lé ṣíbí. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, tí awọ gbẹ, tó pọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló máa tú páànù sílẹ̀. Àǹtí mi páànù díẹ̀, ẹja yọ́ lọ bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lójú omi. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yí i. Ẹ̀gbẹ́ kejì gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ojú rẹ̀ di funfun, ó yọ síta bí ìlẹ̀kẹ̀, ìyẹn ni àmì tiwọn. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ó ti jinná báyìí?" Wọn ò dá mi lóhùn.

Ẹja ti jáde kúrò nínú páànù kí aáyù tó wọlé. Ibi tí mo ti ṣubú nìyẹn. Iná rẹlẹ̀, aáyù tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ wọ inú òróró tó kù. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí etí rẹ̀ ti ń pọ́n, wọ́n pa iná nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì funfun, ooru páànù á parí ìyókù. Bọ́tà díẹ̀ tẹ̀ lé e, torí àwọn ará Okinawa fẹ́ràn kí wọ́n máa fi bọ́tà àti aáyù dín ẹja wọn. Ṣóyù ṣíbí méjì, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà fínní. Ó hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òórùn rẹ̀ gba ilé. Ẹ̀gbẹ́ ẹja ni wọ́n dà á sí, wọn ò dà á lé e lórí, kí awọ má bàa rọ̀. Ewé àlùbọ́sà, ìrẹsì funfun.

Mo fọwọ́ jẹ ẹ́. Awọ ń dún, ẹran sì ń ṣí kúrò lára egungun ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó tutù lẹ́nu, ó dùn. N kò mọ̀ pé ẹja ní adùn kan tó jẹ́ tirẹ̀, tí kì í ṣe ti ata. Ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ tọ́ ẹja wò.

Inú bí mi sí Màmá fún bí ọjọ́ mẹ́ta, mo jẹ́wọ́. Mo ń ronú sí gbogbo epìyà tó ṣì ń mí, tí wọ́n dín di igi. Ọjọ́ kẹrin ni ọpọlọ mi sọ̀. Ẹja Àǹtí kúrò nínú òkun, ó wọ inú kúlà yìnyín, ọ̀nà ogún ìṣẹ́jú, ó wọ fíríìjì, ó wọ páànù. Ta ni Màmá ń dín tiwọn fún? Obìnrin kan n'Íbàdàn tó máa rà á lọ́wọ́ alágbàtà lọ́la, tó máa jẹ ẹ́ lọ́túnla, nínú ilé tí iná mànàmáná ti lọ láti ìjẹta. Ẹja tó dún kó nìkan ló lè rin ìrìn yẹn láìjẹrà. Ọ̀nà ló ń dín ẹja gbẹ, Màmá kàn ń bá a mú agbada dání ni. Ohun tó wá ká mi lára jù ni pé àjẹkù ọjà yẹn ni àwa ń jẹ nílé. Etí ọ̀sà là ń gbé, oúnjẹ ará ọ̀nà jíjìn là ń jẹ. Wọ́n ń pa á lówe pé ẹja tútù là ń ká, bó bá gbẹ, kíkán ní ń kán. Ẹnu mi ti gbẹ kí n tó rí ẹni tó máa ká a.

Kí n má sì ṣe aláìmoore: ẹja gbígbẹ Màmá, tí mo dì sáàárín aṣọ nínú àpótí mi, ló mú mi la oṣù àkọ́kọ́ já ní Hawaii.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún Màmá, ìdáhùn wọn kò gùn: "Iná ló ń pa àrùn. Kò sí ohun tí iná ò lè pa." Ọ̀rọ̀ náà bá ẹja ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mu, ẹja omi tí kò níyọ̀ yẹ kó jinná dénú. Ṣùgbọ́n májèlé kan wà lára àwọn ẹja orí iyùn tí agbada Màmá gan-an kò lè rí nǹkan ṣe sí. Ciguatera ni orúkọ àìsàn rẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín kan tó ń gbé lára koríko inú òkun ló ń ṣe é. Ẹja kékeré á jẹ koríko, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, májèlé á máa pọ̀ sí i bó ṣe ń gòkè. Dídín kò pa á, bíbọ̀ kò pa á, yìnyín kò pa á. Kò ní òórùn, kò ní ìtọ́wò. Ẹni tó bá bá a, ètè rẹ̀ á máa ta ṣínníṣínní, omi tútù á máa jó o lọ́wọ́ bí iná. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí fi máa ń bi ọmọ ọmọ wọn pé ibo gan-an ló ti pa á, kí wọ́n tó fọwọ́ gba ẹja. Ẹja kan wà tó ń jẹ́ roi, tó lẹ́wà bí àdìrẹ, tí àmì aró wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í jẹ ẹ́ nítorí èyí. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ weke, tí wọ́n ní orí rẹ̀ máa ń fún èèyàn lálàá burúkú. Wọ́n so ó mọ́ Pahulu, olórí àwọn iwin erékùṣù Lānaʻi nínú ìtàn àtijọ́. Màmá gba ti iwin gbọ́ kíákíá. Ti ohun tín-tìn-tín yẹn ni wọn ò gbà.

Mo ti ń pè é ní ẹja orí iyùn láti ìṣáájú bí ẹni pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Iyùn tí Màmá jogún, tí wọ́n ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ ayẹyẹ, pupa ni, òkun ìsàlẹ̀ Yúróòpù ni irú rẹ̀ ti wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó kó o dé ọ̀dọ̀ wa. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló ń kọ́ òkìtì abẹ́ omi Hawaii: ẹ̀dá alààyè kéékèèké tó ń fi òkúta ara rẹ̀ mọlé lé orí ilé àwọn baba rẹ̀. Etíkun Èkó kò ní irú òkìtì bẹ́ẹ̀, iyanrìn àti omi rírú ló wà níbẹ̀. Orí òkìtì yìí ni àwọn ẹja ń gbé bí ará ọjà. Manini àti kole ń jẹ koríko kó má bàa bo iyùn mọ́lẹ̀. Uhu, ẹlẹ́nu bí ti odídẹrẹ́, ń gé òkúta jẹ, ó ń yà á ní iyanrìn, èyí tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò lọ́dún bí uhu náà bá tóbi. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń sùn gbalaja sórí iyanrìn funfun yẹn kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn, èmi kì í sì í jẹ́ kó kọjá láìsọ ọ́.

Taʻape kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Láàárín ọdún 1955 sí 1961 ni àwọn aláṣẹ kó oríṣiríṣi ẹja wá láti ibòmíràn nítorí àwọn apẹja. Erékùṣù Marquesas ni taʻape ti wá, ó bí, ó rẹ̀, ó gba ìlú. Àwọn apẹja kan ń bú u, owó rẹ̀ kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó dùn. Mo mọ ohun tí ẹ ń retí kí n sọ báyìí, pé àjèjì lẹja, àjèjì lèmi náà. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹja ni, jíjẹ ni mò ń jẹ ẹ́. Àǹtí ní ẹni tó bá jẹ taʻape kan, ó dá manini kan sí, ìyẹn náà sì tó mi.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo lọ sílé. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta wé ìgò ṣóyù kan, mo kó aáyù dání bí ẹni pé kò sí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ kejì mo bá Màmá lọ sí Olúwo, mo ra epìyà mẹ́rin tó ṣì ń ta pàtìpàtì, mo nu wọ́n, mo fa ilà sí wọn lára. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́yìn mi, wọ́n ká apá wọn jọ. Èyí àkọ́kọ́ wọ páànù, ó ké. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi dìde, wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i.

Ṣé kí n wá gbá màmá mi lọ́wọ́ ni? Awọ dúró sí páànù. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n dá ṣíbí padà fún mi, wọ́n lọ jókòó.

Èkejì jáde bó ṣe yẹ. Mo fún un ní ìṣẹ́jú méjì sí i nítorí pé ẹja ọ̀sà ni, mo ṣe aáyù, mo da ṣóyù, mo gbé e síwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀bà, torí mo mọ ibi tí ìjà dé. Wọ́n já a ní ìrù, wọ́n jẹ ẹ́. Wọn ò sọ pé ó dùn. Wọ́n yọ ojú ẹja, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n wá fi ìka kan omi dúdú inú abọ́ yẹn, wọ́n lá a, wọ́n tún fi kàn án.

"Irú ni."

Mo ní, "Ẹ ní kí ni?"

"Irú ni wọ́n sọ di omi yìí. Wọ́n bu iyọ̀ sí i. Kí ni wọ́n fi ń ṣe é, igbá ni?"

Mo ní sóyà ni, pẹ̀lú àlìkámà yíyan. Wọ́n á jẹ́ kó hu funfun, wọ́n á rì í sínú omi iyọ̀, ó lè lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fún un. Wọ́n mi orí. Àwọn ìyá aláta tó ń ṣe irú náà ti ń fi sóyà ṣe é báyìí, wọ́n ní, nítorí pé igbá wọ́n. Wọ́n á sè é, wọ́n á bò ó pinpin, ọjọ́ mẹ́ta ó ti ń yọ̀. "Ẹ wá ń dúró de tiyín fún oṣù mẹ́fà. Ẹ kú sùúrù." Wọ́n gba ìgò náà, wọ́n dé e, wọ́n gbé e ka pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike irú.

Ó ku ẹja méjì. Mo ti ń nu ìkẹta nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n gbé agbada kaná lẹ́yìn mi, wọ́n da òróró sí i títí ó fi jìn.

"Gbé àwọn yẹn wá," ni wọ́n wí. "Ti àbúrò ẹ n'Íbàdàn ni."

Mo gbé e fún wọn. Mo dúró tì wọ́n títí ó fi dún kó.